Àlọ́ Láti Ẹnu Ọmọ Ọba: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí ló dá lórí irú ìtàn àròsọ kan tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti máa kà: àlọ́ àtijọ́ tí òǹkọ̀wé tún sọ, tó jẹ́ pé ọmọ ọba ló ń sọ ọ́. Díẹ̀ nìyí nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń tún àlọ́ Cinderella, ọmọbìnrin tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń fìyà jẹ, tó sì fi bàtà kan sílẹ̀ níbi ijó ààfin, sọ láti ẹnu ọmọ ọba. Mo ti kọ orí mẹ́fà, ọmọbìnrin náà kò sì tíì yọjú. Ẹṣin gígùn àti ìjà ọmọ ọba pẹ̀lú bàbá rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá mi kà á ní ó ti sú òun. Kí ni kí n gé?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ pinnu Cinderella tí ẹ ń tún sọ, nítorí méjì tó gbajúmọ̀ wà, wọ́n sì yàtọ̀ síra pátápátá. Ti Charles Perrault, tó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1697, ní bàtà gíláàsì àti alẹ́ ijó méjì. Nínú rẹ̀, ọmọ ọba kò gbé bàtà kiri. Ìránṣẹ́ ni wọ́n rán. Ti àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń jẹ́ Grimm, ará Jámánì, ní ijó ọjọ́ mẹ́ta nínú ẹ̀dà wọn tó gbẹ̀yìn, ti 1857, bàtà rẹ̀ sì jẹ́ wúrà. Ọmọ ọba fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin náà délé. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin náà sá wọ ilé ẹyẹlé. Lálẹ́ kejì, ó gun igi píà. Lálẹ́ kẹta, ọmọ ọba ti ní kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ kun àtẹ̀gùn ààfin, bàtà òsì ọmọbìnrin náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọmọ ọba ni yóò bá sọ̀tàn, ti Grimm ni ká mú, nítorí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọmọ ọba wà níbẹ̀ sínú rẹ̀. Nínú ti Grimm, ẹ ó rí ijó mẹ́ta, ìlépa alẹ́ kìíní àti ìkejì, ọ̀dà orí àtẹ̀gùn, bàtà wíwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, àti ìgbéyàwó. Àwọn wọ̀nyí ni òpó ilé yín. Orí ìwé tó bá ṣáájú ijó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mú kí ọ̀kan nínú wọn túbọ̀ wúwo lọ́kàn òǹkàwé. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́. Bí ìwé yín yóò bá tó 60,000 ọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí ijó àkọ́kọ́ kọjá ọ̀rọ̀ 9,000. Orí mẹ́fà, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 2,500, ti di 15,000, ìdá mẹ́rin ìwé sì ti lọ. Ẹ dín in kù sí mẹ́ta. Ìjà òun àti bàbá rẹ̀, ẹ gbé e wọ inú gbọ̀ngàn ijó gan-an, lójú àlejò, kí ohùn má lè ròkè.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí ọ̀dà yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àtúnsọ ti ń sáré kọjá. Ọmọbìnrin kan ti sá mọ́ ọmọkùnrin yìí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun wá dẹ pàkúté dè é. Ta ló se ọ̀dà náà? Ọ̀dà gbọ́dọ̀ gbóná kó tó ṣeé kùn, bó bá sì tutù tán, ó ń le. Bí wọ́n bá kùn ún ní kùtùkùtù alẹ́, àlejò ni yóò kọ́kọ́ mú, tàbí kó ti gbẹ kó tó kàn án. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ọmọbìnrin náà á ti kọjá. Ìyẹn ni pé ọmọ ọba ti ní láti mọ ìgbà tó máa ń sá lọ. Nígbà tí wọ́n ń jó lálẹ́ kìíní àti ìkejì, ó ti ń ka wákàtí lábẹ́ ahọ́n. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ èyí fún wa àfi òun. Nígbà tó bá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fa bàtà kékeré náà yọ, tí ọ̀dà ń fà tẹ̀ lé e bí okùn, ó yẹ kó yé e pé ẹni tó ń wá ti fi ẹsẹ̀ kan lásán sá lọ nínú òkùnkùn nítorí ohun tí òun ṣe. Ẹ fún ibẹ̀ ní ojú ìwé méjì ó kéré tán.

Ohun tí ọmọ ọba kò mọ̀ ló ń gbé irú ìtàn báyìí rìn. Òǹkàwé ti mọ eérú, ìyàwó bàbá, àti sàréè ìyá. Ọmọ ọba kò mọ ìkankan. Ẹ pín ojú ìwé kan sí méjì. Lápá òsì, ẹ kọ ohun tó mọ̀ ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, lápá ọ̀tún, ohun tí ọmọbìnrin náà mọ̀. Bí apá òsì kò bá yí padà fún orí méjì léraléra, ibẹ̀ ni ó ti sú ẹni tó bá yín kà á.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹni tó bá ọmọbìnrin jó lálẹ́ mẹ́ta kò ṣe ní dá ojú rẹ̀ mọ̀, tó wá jẹ́ pé bàtà ló gbẹ́kẹ̀ lé? Àwọn ọmọ kíláàsì mi tí mo kà á fún rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibẹ̀.

Ìdáhùn: Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti rẹ́rìn-ín. Nínú ti Grimm, àwọn ọmọ ìyàwó bàbá rẹ̀ méjì fẹ́ kí bàtà wọ àwọn: ẹ̀gbọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀, àbúrò gé gìgísẹ̀, ọmọ ọba sì gbé wọn sẹ́yìn ẹṣin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyẹlé méjì tó bà sórí igi lẹ́bàá sàréè ló ké sí i pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú bàtà. Ihò ńlá ni, àmọ́ ihò yẹn gan-an ni àǹfààní yín.

Ìdí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ìkíní ni pé iná àbẹ́là kò mọ́lẹ̀ tó. Ẹ má lò ó, alẹ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún àwáwí yẹn. Ìkejì ni pé ọmọ ọba jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ọpọlọ wọn kì í dá ojú ènìyàn mọ̀. Àìlera tòótọ́ ni, ó sì lè dára gan-an, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn láti ojú ìwé kìíní. Kó máa fi ìrìn dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀, kó máa fi ohùn àti òrùka mọ àwọn ìjòyè, kó ti ṣi ènìyàn pè lẹ́ẹ̀kan tó ti dójú tì í. Bó bá jẹ́ ọjọ́ bàtà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́, òǹkàwé á ní ẹ rẹ́ òun jẹ.

Ìkẹta ló wù wá jù. Ó dá a mọ̀, àmọ́ ó ti búra. Nínú ti Grimm gan-an, ọmọ ọba ti sọ pé ẹni tí bàtà wúrà bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu nìkan ni òun yóò fẹ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lójú gbogbo ààfin, nínú ìbínú. Bàtà wá wọ ẹ̀gbọ́n, ojú rẹ̀ rí i pé kì í ṣe òun, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ti dè é. Ìrìn orí ẹṣin yẹn á wá di ibi tó le jù nínú ìwé, òǹkàwé ò sì ní rántí rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Mo fẹ́ kọ ti Sleeping Beauty, ọmọbìnrin tí wọ́n fi ìdè èèdì mú sùn fún 100 ọdún, tàbí Snow White, ẹni tí ìyàwó bàbá rẹ̀ fún ní èso ápù olóró, ṣùgbọ́n ìfẹnukonu ẹni tó ń sùn kò dùn mọ́ mi nínú. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má fi í sílẹ̀ o. Nínú Sleeping Beauty ti Perrault, ọmọ ọba kò fi ẹnu kan ọmọbìnrin náà. Ó súnmọ́ ọn tòun ti ìwárìrì, ó kúnlẹ̀, ọmọbìnrin náà jí nítorí pé àkókò ìdè náà ti pé. Nínú Snow White ti Grimm, kò sí ìfẹnukonu rárá: àwọn ìránṣẹ́ ọmọ ọba ń gbé pósí lọ, ẹsẹ̀ wọn kọ, èso ápù tó há sí i lọ́fun sì jáde. Ti Grimm tó ní ìfẹnukonu ni Sleeping Beauty tiwọn, níbi tí igbó ẹlẹ́gùn-ún ti yí ààfin ká, ibẹ̀ náà sì sọ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni 100 ọdún pé.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ọmọ ọba. Àwọn kan ti wá ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì ti há sínú ẹ̀gún kú. Nígbà tó dé, ẹ̀gún di òdòdó, ó yà fún un fúnra rẹ̀. Kò lo idà. Kò gbóyà ju àwọn tó kú lọ, ọjọ́ ló bá a mu. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní akọni, tó sì mọ̀ pé òun kò ṣe nǹkan kan, tí egungun àwọn ẹlòmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà tó gbà wọlé: ìwé odindi nìyẹn. Ti Perrault tún ní apá kejì tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ìyá ọmọ ọba jẹ́ ẹ̀yà ajẹ̀nìyàn, ọmọ ọba sì fi ìgbéyàwó náà pa mọ́ fún un fún ọdún méjì. Bí ẹ bá fẹ́ ọmọ ọba tó ń purọ́ nílé nítorí ìbẹ̀rù, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Bí ẹ bá mú Snow White, ẹ tètè sọ ọjọ́ orí àwọn méjèèjì. Ọmọ ọdún méje ni Grimm pè é nígbà tí díńgí ìyàwó bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ pé òun ló rẹwà jù. Ẹ tún gbọ́dọ̀ dáhùn ìdí tí ọmọ ọba fi ń bẹ̀bẹ̀ fún òkú nínú pósí. Ẹ má fò ó. Ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ ẹ́ láìpẹ́ lè mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì sàn ju ẹwà ojú lọ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lo orúkọ àwọn aràrá inú Snow White? Ṣé ẹnikẹ́ni ò ní pè mí lẹ́jọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má lo àwọn orúkọ yẹn. Aràrá inú ìwé Grimm kò lórúkọ. Fíìmù Disney ti 1937 ló fún wọn ní èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Àlọ́ fúnra rẹ̀ kò ní ẹni tó ni ín mọ́: Perrault kú ní 1703, Wilhelm Grimm ní 1859, Jacob ní 1863. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tuntun ti ìwé wọn ṣì lè jẹ́ ti ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, torí náà ẹ má ṣe da gbólóhùn rẹ̀ kọ. Ẹ ka ẹ̀dà àtijọ́ kí ẹ tó kọ, kí ẹ lè mọ ohun tó ti fíìmù wá.

Ìbéèrè: "Mo" ni kí ọmọ ọba máa wí ni, àbí "ó"?

Ìdáhùn: "Mo." Ọgbọ́n ìsọ̀tàn aṣojú-mi-kòró ló bá iṣẹ́ yìí mu, torí asọ̀tàn arínú-róde, ẹni tó mọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn, á ti tú àṣírí tó yẹ kó pamọ́ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọbìnrin náà máa sọ tirẹ̀ ní àárín, ẹ jẹ́ kí orí tirẹ̀ kúrú, kó má sì tún ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà sọ.

Ìbéèrè: Rapunzel, ọmọbìnrin tí wọ́n tì mọ́ inú ilé gogoro, ni mo ń kọ. Àwọn tó kà á ní ọmọ ọba mi ń ráhùn jù, pé ó sì ti gba ìtàn mọ́ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Mo jẹ́ kó rí ewé tó wo ojú rẹ̀ sàn nínú igbó.

Ìdáhùn: Ẹ yọ ewé náà kúrò. Nínú ti Grimm, ẹ̀gún ló fọ́ ọmọ ọba lójú, omijé Rapunzel méjì ló sì la ojú rẹ̀. Bí ẹ bá fún ọmọ ọba ní ìwòsàn yẹn, kò sí ohun tí ọmọbìnrin náà ṣẹ́ kù láti ṣe. Ìlànà wa rèé: ohunkóhun tí ọmọbìnrin ṣe nínú àlọ́ àtijọ́, òun náà ni kó ṣe é nínú tuntun. Ìrora, àṣìṣe àti ìpinnu tirẹ̀ ni ẹ lè fi kún ti ọmọ ọba. Nínú Beauty and the Beast tí Villeneuve, òǹkọ̀wébìnrin ará Faransé, kọ ní 1740, ẹni tó ti jẹ́ ẹranko ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iwin tó tọ́ òun fẹ́ fi òun ṣe ọkọ, òun kọ̀, ó sọ òun di ẹranko, ó sì tún fòfin de òun pé kí òun má fi ọgbọ́n orí òun hàn. Ohun tó sọ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà.

Ní ti ìráhùn, ojú tó fọ́ yẹn lè gbà yín. Ẹ wá gbogbo "mo rí" àti "mo wò" láti ìgbà tí ẹ̀gún ti gún un lójú, kí ẹ pa wọ́n rẹ́. Dípò "Ìbànújẹ́ dorí mi kodò nínú igbó náà," ẹ kọ: "Oòrùn àárọ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi, nítorí náà àríwá ni mo kọjú sí. Mo fi ahọ́n tọ́ gbòǹgbò náà wò. Ó korò, mo tutọ́, mo tún wú òmíràn." Ẹni tó ń wá oúnjẹ kò ráyè ráhùn, òǹkàwé á sì káàánú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́. Ẹ rántí pé orin ló kọ́kọ́ fà á dé ìsàlẹ̀ ilé gogoro náà, ohùn kan náà ló sì fi mọ̀ ọ́n nígbà tó dé aginjù. Ẹ kọ bí orin yẹn ṣe rí sínú orí kìíní: ibi tó ti ń fa ohùn, ibi tó ti ń mí. Nígbà tó bá tún gbọ́ ọ, ẹ yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, torí ìbejì tí kò mọ̀ nípa wọn wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ ọ́.