Ṣé ó yẹ kí ọmọ tó ń jẹ́ Demetria yí orúkọ rẹ̀ padà?

Ìyá kan ló béèrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí London, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì ni ọkọ, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Demetria. Ẹnìkan nínú ìjọ wọn wá sọ fún un pé orúkọ òrìṣà ni, pé kí wọ́n tètè yí i padà. Ìyá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àti òrìṣà wo ni.

Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá wa. Òótọ́ ni, òrìṣà wà nínú orúkọ náà. Demetria túmọ̀ sí "ti Demeter". Demeter sì ni ìyá tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà pé ó ń mú ọkà hù. Àwọn onímọ̀ èdè kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìdajì àkọ́kọ́ orúkọ yìí: àwọn kan ní ilẹ̀ ni, àwọn kan ní ọkà ni. Ṣùgbọ́n "meter" tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ìyá ni. Ó wà níbẹ̀ bí "Yé" ṣe wà nínú Yéwándé.

Ìtàn rẹ̀ kì í ṣòro fún abiyamọ láti lóye. Demeter bí ọmọbìnrin kan, Persephone. Níbi tí ọmọ náà ti ń já òdòdó nínú pápá, ilẹ̀ là, Hades ọba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yọ jáde, ó sì gbé e lọ. Zeus, olórí àwọn òrìṣà, tó jẹ́ bàbá ọmọ, ti fọwọ́ sí i láìsọ fún ìyá. Demeter gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, kò rí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wá a kiri, iná ògùṣọ̀ lọ́wọ́, kò jẹ, kò mu, kò wẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ẹni tó gbé ọmọ, ó para dà di arúgbó, ó lọ jókòó lẹ́bàá kànga ní Eleusis, ìlú kan tí kò jìnnà sí Athens, títí àwọn ọmọbìnrin olórí ìlú fi mú un wálé pé kó bá àwọn tọ́ àbúrò àwọn. Lẹ́yìn èyí ló jáwọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Irúgbìn kọ̀, kò hù, ìyàn mú, àwọn òrìṣà tó kù kò rí ẹbọ gbà mọ́. Ìgbà yẹn ni Zeus tó ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá ọmọ padà. Hades sì ti fún un ní hóró èso pomegranate kan jẹ, èyí sì so ó mọ́ ibẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún ni yóò máa lò nísàlẹ̀ ilẹ̀, ìdá méjì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bó bá ti gòkè dé, òdòdó á yọ. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni pé ìyá yìí kò gbé ọ̀kọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ó káwọ́ gbera ni, ayé sì dúró.

Awo ni wọ́n fi ìsìn rẹ̀ ṣe ní Eleusis. Ọkùnrin, obìnrin, títí kan ẹrú, ló lè wọ̀ ọ́ bó bá ti gbọ́ èdè Gíríìkì tí kò sì pààyàn rí, ṣùgbọ́n ikú ni fún ẹni tó bá tú àṣírí rẹ̀. Ìsìn náà wà títí di òpin ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Krístì.

Àwọn ará Róòmù ní ìyá ọkà tiwọn, Ceres, wọ́n sì fi ìtàn Demeter wọ̀ ọ́. "Cereal" tí ẹ ń rí lára páálí oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ, orúkọ Ceres ló ti jáde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1801, Giuseppe Piazzi, onímọ̀ ìràwọ̀, rí ayé kékeré kan tó ń yí oòrùn po láàárín Mars àti Jupiter. Palermo, ní erékùṣù Sicily, ló wà, Ceres sì ni ìyá àtijọ́ erékùṣù náà, ló bá fi orúkọ rẹ̀ pè é, ó sì lẹ orúkọ Ferdinand ọba mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ ìlú mìíràn kò gba ti ọba. Ceres nìkan ló dúró.

Àwọn òrìṣà ìyá yòókù náà kò parẹ́ lẹ́nu ayé. Juno, tí àwọn obìnrin Róòmù máa ń ké pè nígbà ìrọbí, ni ọ̀pọ̀ gbà pé oṣù June ti gba orúkọ. Ó ní tẹ́ńpìlì kan lórí òkè Capitoline tí wọ́n ti ń pè é ní Juno Moneta. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ owó, ibẹ̀ sì ni "money" tí Òyìnbó ń pe owó ti wá. Ọ̀pọ̀ tún so oṣù May mọ́ Maia, ìyá Hermes tó jẹ́ ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà. Gaia, ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ni wọ́n fi sọ ẹ̀rọ tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ sójú òfuurufú ní 2013 láti ya àwòrán ibi tí ìràwọ̀ wà.

Ní ti ìbẹ̀rù ẹni yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì. Ní Róòmù orí 16, Pọ́ọ̀lù fi Fébè lé ìjọ lọ́wọ́, ó yìn ín gidigidi. Phoebe, orúkọ òrìṣà obìnrin tó jẹ́ ìyá ìyá òrìṣà Apollo, ni Fébè yẹn ń jẹ́, Pọ́ọ̀lù kò sì ní kó pa á dà. Demetriu gan-an, tí í ṣe Demetria fún ọkùnrin, wà nínú Bíbélì lẹ́ẹ̀mejì. Ti Ìṣe orí 19 jẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà tó ń rọ ilé òrìṣà tà ní Éfésù, tó sì dá ìjà ńlá sílẹ̀ sí Pọ́ọ̀lù. Ti ìwé Jòhánù kẹta, gbogbo ènìyàn ló jẹ́rìí rere rẹ̀. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wá, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa: Fágbèmí di Olúgbèmí, Ògúnṣọlá di Olúṣọlá. Ó ń dùn mí. Ẹni tó gbọ́ Ògún nínú orúkọ ìdílé yóò fura pé alágbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ wà nínú wọn rí, ẹni tó bá yọ ọ́ ti yọ ìtàn náà mọ́ ọn. Nítorí náà, tèmi ni pé kí ẹ fi Demetria sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà sọ ọmọ ní orúkọ Yorùbá tó wù yín, kí ẹ sì máa fi pè é. (Bí wọ́n bá ń ké e ní Demi, ẹ mọ̀ pé àwọn Yorùbá tó wà ní London yóò rò pé Démiládé ni.)

Kí ẹ tó dá ẹni yẹn lóhùn, ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ ọkọ ọmọ yín. Àwọn Gíríìkì sábà máa ń fi orúkọ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà sọ ọmọ. Ó lè jẹ́ Dimitra, bí àwọn Gíríìkì òde òní ṣe ń pe orúkọ yìí, ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, àjọ̀dún Demetrius ajẹ́rìíkú ará Tẹsalóníkà, ni ọjọ́ orúkọ ìyá náà nínú ìjọ tirẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa ń bá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ yọ̀. Ẹ pè é lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ gbé ọmọ sórí rẹ̀.