Ojú Ń Tì Mí Láti Ná Ilé Lọ́wọ́ Ọ̀rẹ́ Bàbá Mi

Ìyá Aláṣọ ti Ouando, lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ olóògbé bàbá yín fẹ́ ta ilé oníyàrá-àti-pálọ̀ mẹ́fà kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), wọ́n pè é ní mílíọ̀nù 30 séèfà, ẹ̀ ń bi mí pé èló lẹ máa ná an tí kò ní dà bí àrífín.

Ẹ gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká ṣírò. Wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 30,000 wọlé lóṣù, àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé méjì ṣófo. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí ẹni gba méjèèjì, márùn-ún lèmi máa kà, torí ẹnì kan á ṣáà máa kó lọ tàbí kó jẹ gbèsè. 1,800,000 lọ́dún nìyẹn. Owó orí ilé, àtúnṣe àti kíkó ṣáláńgá á jẹ tó 400,000. Ó ku 1,400,000. Tẹ́ ẹ bá san mílíọ̀nù 30, ó máa lé ní ọdún 21 kówó yín tó padà, ẹ sì ní ọjọ́ ogbó lẹ̀ ń tìtorí ẹ̀ rà á!

Ọdún 15 ni mo lè gbà: mílíọ̀nù 21. Ẹ yọ mílíọ̀nù 2 tí gbẹ́nàgbẹ́nà ní òrùlé tó ń jò máa gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 17, ẹ má kọjá 19. Owó notaire (amòfin tó ń ṣe ìwé títà ilé) àti ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà lọ́tọ̀, ọrùn olùrà ló ń bọ́ sí. Wọ́n á ní ilẹ̀ Àjàṣẹ́ ń gbówó lórí. Ó ń gbówó lóòótọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá san owó ọ̀la fún wọn lónìí?

Ẹ má dá lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin bá yín sọ ọ́, kó ka ìṣirò yìí fún Bàbá. Kò sí àrífín níbẹ̀. Kẹ́ ẹ gbà láti san 30, kẹ́ ẹ wá dúró sí àárín ọ̀nà, òun ni kò ní dáa.

Ẹ tún béèrè caution (owó ìdúró tí wọ́n san sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kó wọlé) àwọn ayálégbé mẹ́rin tó wà níbẹ̀. Òfin ilé gbígbà ọdún 2018 ò jẹ́ kó kọjá owó oṣù mẹ́ta. Bó bá pé bẹ́ẹ̀, 360,000 ni, ọwọ́ Bàbá ló sì wà. Ọwọ́ yín ni wọ́n á ti gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó lọ, nítorí náà, ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni gbólóhùn tẹ́ ẹ sáré kọjá lórí ẹ̀: ogún tí Bàbá jẹ lọ́wọ́ bàbá tiwọn ni ilé náà, wọ́n sì ní àbúrò méjì ní Kútọnu. Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ titre foncier (ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀) wò ní ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá wọn ló ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ajogún ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i níwájú notaire kẹ́ ẹ tó yọ séèfà kan.

Tántì yín