AS àti AS: ṣé ìfẹ́ Ọlọ́run ni, àbí ìfẹ́ ọkàn wa?

Àbúrò mi, o ní AS ni ìwọ, AS ni àfẹ́sọ́nà rẹ, ìyẹn ni pé jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ jọ ní lè mú kẹ́ ẹ bí ọmọ SS, ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ ti gbààwẹ̀, wòlíì kan ti ní kẹ́ ẹ máa lọ, pé Ọlọ́run yóò yí ẹ̀jẹ̀ yín padà, ọkàn rẹ sì ti balẹ̀. O wá ń béèrè bóyá ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn tó láti fi mọ̀ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Lójú tèmi, kò tó. Ọ̀nà tí o wà yẹn, mo ti gbà á kọjá, n kò sì ní fi bò fún ọ.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti ìbàlẹ̀ ọkàn. Jónà ń sá fún Ọlọ́run lọ sí Táṣíṣì, ìjì ń jà, àwọn atukọ̀ ń ké pe òrìṣà wọn, òun wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó sùn fọnfọn. Jésù wà nínú ìfẹ́ Baba rẹ̀ gan-an ní Gẹtisémánì, òógùn rẹ̀ ń kán sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀? Ọkàn èèyàn sábà máa ń rọlẹ̀ bó bá ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe, ì báà jẹ́ rere, ì báà jẹ́ búburú.

Ọmọ Ṣàgámù ni mí, Màkún ni ilé wa. Nígbà tí àwọn òbí mi fẹ́ra, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní jẹ́nótáìpù. AS ni wọ́n bí èmi, SS ni wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀lé mi. Fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí kò bá aláìsàn náà gbélé rí lè máa fi orúkọ yẹn ṣeré. Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú ní ilé wa, gbogbo wa ti mọ̀. Àbúrò mi á di àtẹ́rígbà mú, funfun ojú rẹ̀ á ti di pupa rúsúrúsú, kò ní sunkún, á kàn máa mí kíkankíkan. Màmá á gbé omi gbígbóná àti òrí wá láti fi wọ́ ọ lẹ́sẹ̀, òun á ní, "Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn mí, inú egungun ló wà." Inú agolo Bournvita kan tó ti dógùn-ún ló ń kó oògùn rẹ̀ sí, fólíìkì áṣíìdì àti Paludrine, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kà á láràárọ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun kà á. Ìjọ gbàdúrà fún un. Àwọn àgbà ìyá ṣe ìṣọ́ òru tìtorí rẹ̀, àdúrà tọkàntọkàn ni. Kò pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó fi lọ.

Nítorí náà, nígbà tí èmi náà fẹ́ lọ́kọ, mo ti kọ́kọ́ béèrè. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, Àgọ́-Ìwòyè la ti pàdé nílé ìwé. Ó fi ìwé láàbù kan hàn mí, AA ló wà níbẹ̀, èyí tí kò lè bá AS bí ọmọ SS, ọkàn mi balẹ̀. A ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Màmá mi tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ará Rẹ́mọ ní Ìjẹ̀bú lójú òun, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ro ìkọ́kọrẹ́ fún àwọn àna. Ẹ mọ àwa èèyàn apá ibí: ká tó bi ara wa léèrè bóyá ìgbéyàwó á wáyé, a ti mú aṣọ ẹbí. Kí wọ́n tó kéde wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò tuntun. AS ló jáde fún un. A tún lọ síbòmíràn. AS.

Bí tìẹ ṣe rí yẹn ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ààwẹ̀, orí òkè, òróró. Ọkùnrin Ọlọ́run kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní ká máa bá a lọ, Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa. N kò rò pé ó purọ́ fún wa. Ó fẹ́ràn wa, ojú wa ṣe é láàánú, ó sì sọ ohun tí ẹni tó fẹ́ràn èèyàn máa ń sọ.

Ìwé Sámúẹ́lì kejì, orí keje, ló yanjú rẹ̀ fún mi. Dáfídì ní òun ń gbé inú ilé kédárì, àpótí Ọlọ́run wà lábẹ́ aṣọ, òun fẹ́ kọ́lé fún Ọlọ́run. Èwo ló dára jùyẹn lọ? Nátánì wòlíì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kó lọ ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Olúwa wà pẹ̀lú rẹ̀. Wòlíì tòótọ́ ni Nátánì, kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà ni Ọlọ́run ní kó padà lọ sọ fún Dáfídì pé òun kọ́ ló máa kọ́ ọ, ọmọ rẹ̀ ni. Wo ohun tó wà níbẹ̀: ohun tí Dáfídì fẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Sólómọ́nì ń ya tẹ́ńpìlì náà sí mímọ́, ó ròyìn rẹ̀ pé Ọlọ́run sọ fún bàbá òun pé ó ṣe dáadáa tó fi ní in lọ́kàn. Ó ṣe dáadáa, síbẹ̀ rárá ni. Lọ́dún tí mo ka ibẹ̀ yẹn, n kò tíì gbọ́ ìwàásù kankan tó sọ fún mi pé ìfẹ́ ọkàn lè dára, kó mọ́, kí Ọlọ́run yìn ín, kó má sì jẹ́ tìrẹ. Ohun tí gbogbo èèyàn ń kà fún mi ni Sáàmù 37 pé yóò fi ìfẹ́ inú mi fún mi. Sáàmù 106 wà nínú Bíbélì kan náà: ó fi ìfẹ́ wọn fún wọn, ṣùgbọ́n ó rán rírù sí ọkàn wọn.

Ohun kejì ni Báláámù, ẹni tí ọba Móábù ránṣẹ́ pè pé kó wá gégùn-ún fún Ísírẹ́lì. Ọlọ́run ti kọ́kọ́ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ bá àwọn ìránṣẹ́ ọba náà lọ. Nígbà tí àwọn ìjòyè tó lọ́lá ju ti àkọ́kọ́ lọ dé, ó tún ní òun ń lọ béèrè. Àbúrò, ìwé àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, kí lo rò pé ó jẹ́? O ní o ń retí kí Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Èmi rò pé ó ti sọ̀rọ̀, o sì ń lọ béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Wàá ní ṣé n kò gbà pé Ọlọ́run lè yí i padà ni. Mo gbà. Àmọ́ bó bá ti yí i padà, láàbù á rí i. Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá, Jésù ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà. Ìwòsàn Ọlọ́run kì í sá fún àyẹ̀wò. Wòlíì tó bá ní kẹ́ ẹ ṣègbéyàwó ná, kí iṣẹ́ ìyanu wá tẹ̀lé e, ọmọ yín ló fi ń dúró dè é, kì í ṣe ara rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ìṣirò náà dáadáa, nítorí mo ti gbọ́ ọ tí àwọn èèyàn ń sọ pé àwọn á bí mẹ́ta, wọ́n á sì yẹra fún ìkẹrin. Kì í ṣe pé ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ló máa jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ewu 25 nínú 100 wà lórí rẹ̀, oyún tó tẹ̀lé e náà á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá lè bí SS méjì tẹ̀léra, ó sì lè má bí ìkankan. Dókítà lè yẹ oyún wò kí wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní SS ni, kí lẹ̀yin Kristẹni méjì máa ṣe? Ẹ dáhùn èyí kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Àwọn kan wà tó lówó láti gba ọ̀nà láàbù lóyún, kí wọ́n yan ọlẹ̀ tí kì í ṣe SS. Àwọn kan pinnu pé ọmọ tí wọ́n bá gbà tọ́ làwọn máa tọ́. N kò dá wọn lẹ́jọ́. Wọ́n lajú sílẹ̀ wọ̀ ọ́ ni, wọn ò ní Ọlọ́run ló ní káwọn má wò ó.

Báwo ni mo ṣe jọ̀wọ́ tèmi? Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú ìfẹ́ ọkùnrin yẹn kúrò lọ́kàn mi, kò mú un kúrò kíákíá. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, Jésù kọ́kọ́ sọ ohun tí òun fẹ́ ná, pé kí ago náà ré òun kọjá, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wá jáwọ́ nínú ṣíṣe bí ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan. Mo ń sọ fún Ọlọ́run lálaalẹ́ pé mo ṣì fẹ́ ẹ, inú mi ò dùn, mi ò sì ní padà sẹ́yìn. Nígbà míì, gbólóhùn kan yẹn ni gbogbo àdúrà mi. Àwọn ìyá ìjọ ní ìgbàgbọ́ mi kéré. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní mo dójú ti ẹbí. Aṣọ tí Màmá ti rà, ó rán an wọ ọdún Kérésì, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ rí.

Mo lọ́kọ nígbẹ̀yìn, AA ni, a bímọ. N kò fi èyí jẹ́rìí o. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ ti ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohun kan náà, kò tíì lọ́kọ títí di òní, ìgbọràn rẹ̀ ò sì kéré sí tèmi. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé bó o bá jọ̀wọ́ eléyìí, Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò rẹ̀ láàárín ọdún kan, wòlíì mìíràn nìyẹn.

Ohun tí màá ní kẹ́ ẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ lọ tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀yin méjèèjì papọ̀, kẹ́ ẹ má lo ìwé àtijọ́. Bí ẹnì kan nínú yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀, kó sọ fún wọn, torí ó lè da èsì rú. Bí èsì bá yàtọ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i níbòmíràn. Bí kò bá yàtọ̀, má wá wòlíì kẹta lọ. Màmá rẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún, kó tó ra aṣọ.