Ọ̀RỌ̀ ỌDẸ: Kí lo fẹ́ fi ìbọn náà pa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń gbé ní Katy, Texas. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ni oko kan ní Colorado County níbí. Ó ní kí n wá máa bá òun pa ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ tó ń hú ilẹ̀ oko náà, tó bá sì di November, kí n wá dẹ àgbọ̀nrín. Mi ò ní ìbọn rí láyé mi. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní AR-15 ni kí n fọwọ́ ara mi tò, pé ó dínwó ju kí n ra odindi lọ. Dọ́là 1,200 ni mo yà sọ́tọ̀. Irú ọta wo ni kí n mú? Ṣé mo lè tò ó lóòótọ́? Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ rí ìbọn nínú ilé, torí ọmọ mẹ́ta la ní, èyí tó kéré jù ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. (Ọmọ Ìṣẹ́yìn, Katy)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ti ìyàwó rẹ ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ronú jù nínú gbogbo yín. Kí o tó ra ìbọn, ra àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́. Inú 1,200 yẹn ni kí owó rẹ̀ ti jáde. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin Texas tí àgbàlagbà bá fi ìbọn tó ti ní ọta nínú sí ibi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè mú un, tí ọmọ náà sì mú un. Kí ìbọn wà lọ́tọ̀, kí ọta wà lọ́tọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ. Nílé bàbá mi ní Òkè-Ògùn, ara ògiri ni ṣakabùlà máa ń wà, ẹtù rẹ̀ á wà nínú ìwo lẹ́bàá ẹní bàbá. Ṣakabùlà tí ò ní ẹtù, igi pẹ̀lú irin lásán ni. Èyí tí o fẹ́ rà yìí ò rí bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó fún un láti di nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ọmọdé.

Ó yá, ká wá sórí ìbọn. O bi mí ní irú ọta, o ò sì sọ bí ẹran ṣe máa jìnnà sí ọ tó. Mo mọ ilẹ̀ apá ibẹ̀ dáadáa: igi oak ńláńlá, koríko tó mu ni dé orúnkún, etí odò tó kún fún ẹ̀gún, àti ibi tí wọ́n ń da àgbàdo sí kí àgbọ̀nrín lè máa wá. Bí o bá gẹ̀gùn níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún yáàdì ni ẹran á ti yọ sí ọ, bó pọ̀ tán, 150. Má jẹ́ kí ẹni tó ń dẹ ọdẹ lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Colorado, níbi tí ojú ti ń ríran dé ọ̀run, bá ọ yan ọta.

Ìbọn sẹ́mì, irú èyí tí AR-15 jẹ́, ohun tó mú un yàtọ̀ kò ju pé agbára tó ń ti ọta jáde náà ló tún ń ti bolt (irin tó ń sé ẹ̀yìn ọta) padà sẹ́yìn. Á ta kátíríìjì òfìfo dànù, á sì ti òmíràn wọlé. Bí ìka rẹ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ ọta kan ṣoṣo ló máa jáde. Irú ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọdẹ Amẹ́ríkà kí a tó bí àwọn bàbá wa: èyí tí John Browning ṣe, tí Remington ń tà, ọdún 1906 ló jáde. AR kàn jẹ́ àbúrò wọn. Orúkọ ilé iṣẹ́ ArmaLite, níbi tí Eugene Stoner ti ṣe é ní àwọn ọdún 1950, ni lẹ́tà méjì yẹn.

Kí lo fẹ́ fi ọta kejì ṣe? Ìbéèrè tó kù nìyẹn, ó sì ná mi ní nǹkan kí n tó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún kejì tí mo ra ìbọn, ráífù .223 (nọ́ńbà yẹn, ìwọ̀n ọta rẹ̀ ni) ni mo gbé lọ sóko, mo kó ọta 55 grain (bí wọ́n ṣe ń wọn ìwúwo ọta) sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń pa kọ̀yótì, ajá ìgbẹ́ ilẹ̀ ibí. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ kan yọ sẹ́bàá omi ní ìrọ̀lẹ́. Mo yìn ín léjìká. Ó ṣubú, ó dìde, mo tún yìn, mo tún yìn, ìka mi ti ń sáré ju ojú mi lọ. Ọta mẹ́fà ni mo ná. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, èmi àti tọ́ọ̀ṣì nínú ẹ̀gún, mi ò rí i. Igún ló fi ibi tó kú sí hàn wá ní ọjọ́ kẹta, ẹran tó tó kí gbogbo àdúgbò jẹ. Bàbá mi, tó jẹ́ pé bó bá yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún di dandan kó wọn ẹtù, kó fi ọ̀pá kì í, kó tó lè yìn èkejì, ńṣe ló máa ń jókòó sórí ẹ̀gùn títí ẹran á fi sún mọ́ ọn dé nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀. Ìbọn tó lè yìn léraléra ló kọ́ èmi ní ìkánjú.

Akọ ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ ní awọ kan lórí èjìká tó le bí ìsàlẹ̀ bàtà. Ọta kékeré tó ń tètè fọ́ á fọ́ sínú awọ yẹn ni. Ọkàn rẹ̀ náà sún síwájú, ó sì wà nísàlẹ̀ ju ti àgbọ̀nrín lọ, nítorí náà apá ìsàlẹ̀ èjìká, lókè ẹsẹ̀ iwájú, ni kí o fojú sùn. Mo ti ta .223 yẹn. Àwọn kan ń fi ọta tó nípọn nínú rẹ̀ pa àgbọ̀nrín, òfin Texas náà ò kọ̀ ọ́ (.22 kékeré tó jẹ́ rimfire, tí etí ìdí rẹ̀ ni irin ti ń gbá, ni kò gbà fún àgbọ̀nrín), ṣùgbọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn.

Irú ọta méjì ló kù tí mo lè fi lé ọ lọ́wọ́. .300 Blackout dára láti ọgọ́rùn-ún yáàdì wálẹ̀, kì í ta èjìká, bolt àti mágásíìnì (àpò ọta) .223 ló sì ń lò, ọ̀pá ìbọn nìkan ló yàtọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Ọta .300 Blackout lè wọ inú ọ̀pá .223, bolt á sì pa dé. Ọta náà sì tóbi ju ihò ọ̀pá lọ. Bí o bá fa tíríígà, ìbọn á bẹ́ mọ́ ọ lójú. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tó ni oko bá ń lo .223, tí ẹ sì jọ ń kó ọta sínú ọkọ̀ kan náà, má ra Blackout rárá.

Èyí tí mo ń lò báyìí ni 6.5 Grendel, ọ̀pá 18 ínǹṣì, ọta 123 grain. Ó ní bolt tirẹ̀ àti mágásíìnì tirẹ̀, kì í sì í wọ́pọ̀ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, torí náà tí mo bá rí i, páálí mẹ́ta mẹ́rin ni mo máa ń rà lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà tí mo ti mú un, ọta kan ni mo sábà máa ń ná lórí ẹran kan. .308 náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n sẹ́mì tó ń yìn ín wúwo, wàá sì gbé e rìn nínú ooru September. Mi ò sí níbẹ̀.

Ní ti títò: lójú òfin ìjọba àpapọ̀, lower, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, òun ni ìbọn. Ìyókù, irin lásán ni. Nítorí náà lower ni wàá lọ gbà lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ. Wàá kọ Fọ́ọ̀mù 4473, ìwé ìjọba tí ẹni tó ń ra ìbọn ń kọ, wọn á sì yẹ orúkọ rẹ wò nínú NICS, ètò tí ìjọba fi ń yẹ olùra ìbọn wò, tó ti wà láti 1998. Ra lower tí wọ́n ti tò tán, ra upper, ìyẹn apá òkè, tí wọ́n ti tò tán pẹ̀lú ọ̀pá àti bolt rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan náà, kí àlàfo inú rẹ̀ lè ti jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n. Èèkàn méjì ló máa so wọ́n pọ̀. Ìtò tí ọdẹ nílò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀pá má kúrú ju 16 ínǹṣì lọ, torí ní ìsàlẹ̀ ìyẹn, òfin mìíràn ti 1934 ló máa gbà ọ́ lálejò. Àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ rẹ tó ń sọ pé kí o ra èròjà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa fi òòlù gbá a lórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n ń ṣeré ni, o sì ní ọmọ nílé.

Ṣé ó dínwó? Rárá. Bí owó tèmi ṣe lọ nìyí: lower dọ́là 250, upper 450, awò 250. Pẹ̀lú àpótí irin bíi 150, ó ku 100 fún ọta, ìyẹn ò sì tó. Odindi ìbọn kan náà kì bá ti ju 700 yẹn lọ. Ohun tí mo fi tò ó ni pé mo fẹ́ ọ̀pá yìí àti tíríígà tó rọ̀, tí kì í jẹ́ kí ìbọn mì lọ́wọ́. Má ná kọ́bọ̀ lórí iná, ìdìmú àti gbogbo pàǹpàǹràn tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn. Ìbọn ọ̀rẹ́ mi kan dà bí igi Kérésìmesì, àárín oko ló ti máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi.

Kí n sọ òtítọ́ fún ọ: ká ní àgbọ̀nrín nìkan ni, ìbọn oní-bolt tí a ń fọwọ́ fà ni ǹ bá ní kí o rà, ó fúyẹ́, ó sì ń jẹ́ kéèyàn ronú. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jáde ní agbo, ìyá pẹ̀lú ọmọ mẹ́jọ, lóko ẹni tó ń sunkún ilẹ̀ rẹ̀, òun ló mú kí sẹ́mì bójú mu. Bí o bá sì kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, béèrè kí o tó gbé e dání. Ní Pennsylvania, ráífù sẹ́mì ò gbọdọ̀ pa àgbọ̀nrín, ehoro àti irú wọn ni wọ́n gbà láti 2017.

Ẹni tí wọ́n bí ní 2 September 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ ní Texas, kò sì ṣeé ṣe kí o dàgbà jù ú lọ. O nílò láísẹ́ńsì fún àgbọ̀nrín. Ẹlẹ́dẹ̀ lórí ilẹ̀ àdáni ò nílò rẹ̀ mọ́ láti 1 September 2019, bí onílẹ̀ bá ti yọ̀ǹda.

Kí o tó lọ sóko, lo ọta ọgọ́ta ní pápá ìyìnbọn. Jókòó yìn, kúnlẹ̀ yìn, kí o fi àwo bébà ṣe àmì. Ibi tí ọta rẹ ò bá ti wọ inú àwo yẹn mọ́, ibẹ̀ ni ọdẹ rẹ parí sí, ì báà jẹ́ ọgọ́ta yáàdì. Bo etí rẹ, ohùn ráífù tó nǹkan bí 160 decibel, àwọn àgbà ọdẹ ilé wa tí kì í gbọ́ tí a bá kí wọn, ẹ rò pé ọjọ́ orí nìkan ni?

Àti ẹran náà, torí mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fẹ́ ẹ nínú ẹ̀gúsí. Ọta òjé máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ẹran, ojú ò sì lè rí gbogbo rẹ̀. Ra ọta bàbà fún ilé tí ọmọ wà. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí o bá ń yọ ìfun ẹlẹ́dẹ̀, torí àrùn brucellosis ń bẹ lára wọn, kí o sì sè é jinná dé egungun.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin bàbá ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ mi ń kàwé ní Yunifásítì Prairie View, fisa akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ló wà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ní òun á bá a ra ìbọn ọdẹ lórúkọ òun. Ṣé kò séwu? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ewu ń bẹ, ìyá wa, ó sì tóbi. Ọ̀kan lára ìbéèrè orí Fọ́ọ̀mù 4473 ni bóyá ẹni tó ń fọwọ́ sí i gan-an ló ń ra ìbọn fún ara rẹ̀. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀wọ̀n ni fún ọ̀rẹ́. Ní ti ọkọ yín, ẹni tó wà lórí irú fisa yẹn ò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bó bá wọ inú ìyọ̀ǹda díẹ̀ tí òfin ṣe. Láísẹ́ńsì ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá wà lára wọn. Kó lọ rí lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹran ìgbẹ́ ò tó nǹkan tí wọ́n á tìtorí ẹ̀ dá èèyàn padà sílé.

ÌBÉÈRÈ: Ọdẹ, mo kí yín láti Ṣakí. Àbúrò mi ní Houston fẹ́ fi èròjà sẹ́mì ránṣẹ́ nínú dírọ́ọ̀mù aṣọ, kí alágbẹ̀dẹ wa bá mi tò ó. Ṣakabùlà mi ti ń já mi kulẹ̀, mo fà á, ó pẹ́ kó tó dún. (Ọmọ Ògún)

ÌDÁHÙN: Sọ fún un kó kó o jáde nínú dírọ́ọ̀mù náà lónìí. Amẹ́ríkà ò gbà kí èròjà ìbọn jáde láìní ìwé àṣẹ, Òfin Ìbọn ti 1959 nílé wa ò sì gbà kí alágbẹ̀dẹ to irú ẹ̀. Ṣakabùlà rẹ pàápàá nílò ìwé àṣẹ, rí i pé ó ní i.

Ní ti pípẹ́ tó ń pẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹtù rẹ ló ti fa omi òjò. Tú u, sá a lórí ìwé níbi tí iná ò sí, kí o fi okùn àti àkísà nu inú ọ̀pá. Bó bá sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú igbó, má yí ẹnu rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ láti wo ohun tó ṣe é. Jẹ́ kó kọjú sí igbó bẹ́ẹ̀, kí o ka oókan títí dé ọgọ́ta kí o tó tún fọwọ́ kàn án.