ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN: Epo Tó Ń Jò Lẹ́nu Rọ́bà Alùpùpù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Alùpùpù mi jẹ́ oníkábúrétọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì), kò sì tíì gbó púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni mo máa ń bá epo bẹntiróòlù nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí rọ́bà epo ti wọ ẹnu kábúrétọ̀ ló ń jò, nítorí ibẹ̀ ló máa ń tutù. Mo ti fún kílíìpù ibẹ̀ le, kò gbọ́. Mẹkáníìkì kan fi téèpù funfun tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò wé e. Ó dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé rọ́bà tuntun ni kí n rà, àbí kábúrétọ̀ ló bàjẹ́? Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra ohunkóhun, ẹ má sì fún kílíìpù kankan mọ́. Ohun kan wà tí ẹ kò sọ fún wa: ṣé ẹ máa ń ti táàpù epo pa lálẹ́? Bí ẹ bá ń tì í, tí epo sì tún wà nílẹ̀ láàárọ̀, táàpù fúnra rẹ̀, tàbí ibi tí ó ti so mọ́ ìdí táńkì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí ṣáájú kábúrétọ̀. Ibi tí ó tutù àti ibi tí epo ti ń jáde lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Epo tó bá sá jáde lókè yóò máa tẹ̀lé ẹ̀yìn rọ́bà wá sísàlẹ̀, yóò sì kóra jọ sí ibi tí kílíìpù bá ti dá a dúró, èyí ló fà á tí àwọn ènìyàn fi máa ń dá ẹnu kábúrétọ̀ lẹ́bi, tí wọ́n á sì máa fún kílíìpù tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ fi àkísà tó mọ́ nu gbogbo ọ̀nà epo náà gbẹ, láti ìdí táńkì títí dé kábúrétọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bu pọ́ńdà ìpara tàbí ṣọ́ọ̀kì tí ẹ ti lọ̀ kúnná lé gbogbo ibi tí nǹkan ti so mọ́ nǹkan, kí ẹ ṣí táàpù láìtan ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì máa wò ó. Ibi tó ga jù lọ tí pọ́ńdà náà ti ṣú ni epo ti ń wá. Bí táàpù yín bá jẹ́ irú èyí tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ń fà ṣí, tí wọ́n kọ PRI sí ojú kan lára rẹ̀, ojú PRI yẹn ni kí ẹ yí i sí fún ìdánwò yìí, nítorí pé lójú ON kì í jẹ́ kí epo kọjá nígbà tí ẹ́ńjìnì kò bá ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ti iná kí n tó tẹ̀síwájú. Epo bẹntiróòlù a máa tú afẹ́fẹ́ tó lè gbaná kódà nígbà tí òtútù bá tó ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, afẹ́fẹ́ yìí sì wúwo ju èyí tí a ń mí lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń rìn lé títí yóò fi kan iná tí ó lè jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nígbà tí ẹ́ńjìnì àti sàlẹ́ńsà bá ti tutù pátápátá, kí ẹ sì ti yọ wáyà òdì (èyí tó ní ààmì −) kúrò lórí bátìrì. Ẹ gbé iyanrìn tàbí ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀ẹ̀fun sí tòsí. Omi kò wúlò níbẹ̀, nítorí pé epo yóò léfòó lórí rẹ̀, iná yóò sì máa bá a lọ.

Bí ẹnu rọ́bà bá ni ó ń jò, ẹ ti táàpù, kí ẹ fi ọwọ́ lọ́ rọ́bà náà sọ́tùn-ún sósì kí ó lè tú lára irin, kí ẹ tó fà á. Ẹ má fi púláyà fà á. Bí ó bá ti gan mọ́ irin, ẹ fi abẹ là á ní òòró, ṣùgbọ́n kí abẹ náà má kan irin, nítorí pé ilà kékeré kan tó bá gba òòró ẹnu irin kọjá yóò di ojú ọ̀nà tí epo yóò máa gbà jáde lábẹ́ rọ́bà tuntun. Ẹ yọ gbogbo téèpù funfun yẹn kúrò. Ara irin tó ní ìlà roboto bíi ti súkúrù, tí a máa ń yí wọ inú ara wọn, ni wọ́n ṣe é fún. Lẹ́nu rọ́bà, ìjánjá rẹ̀ ni yóò bá epo wọ inú kábúrétọ̀, níbi tí ihò tí epo ń gbà kọjá ti tín-ín-rín ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Gáàmù sílíkónì náà kò dára níbẹ̀, nítorí pé epo yóò mú un wú, yóò sì ṣí i.

Ẹ wá tẹ rọ́bà tí ẹ yọ. Bí ó bá jẹ́ etí rẹ̀ nìkan ló le, tí ó sì gùn tó, ẹ gé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan kúrò, kí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì dá a padà. Bí ó bá ń sán nígbà tí ẹ bá ká a, ẹ ra òmíràn tí wọ́n ṣe fún epo, kì í ṣe rọ́bà omi. Fífẹ̀ inú rẹ̀ ni kí ẹ fi rà á: mílímítà 5, 6 tàbí 8 ni èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ibí yìí ni ìdí tí fífún kílíìpù kò fi ràn yín lọ́wọ́ fi lè wà. Rọ́bà tó bá tóbi ju ẹnu irin lọ yóò ká lábẹ́ kílíìpù bí ẹ bá ṣe ń fún un, ibi tó ká yẹn gan-an ni epo yóò sì máa gbà jáde. Kí rọ́bà tó bá a mu tó wọlé, ó yẹ kí ẹ fi ọwọ́ tì í díẹ̀. Ẹnu irin náà ní ibi tó wú nítòsí orí rẹ̀. Ẹ̀yìn ibi tó wú yẹn ni kílíìpù ń jókòó sí, kì í ṣe orí rẹ̀. Èmi fẹ́ràn kílíìpù onísípíríìnì ju onísúkúrù lọ fún rọ́bà kékeré báyìí, nítorí pé ó máa ń tẹ̀lé rọ́bà bí ó ṣe ń fún tí ó sì ń rọ̀, nígbà tí onísúkúrù máa ń gé e wọlé.

Bí ìdánwò pọ́ńdà bá fi hàn pé ìdí táńkì ló ń jò, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú epo inú táńkì sínú ohun ìkóposí tó lómọrí. Òrùka rọ́bà tó wà láàárín táàpù àti táńkì ló sábà máa ń gan, àti àwọn wọ́ṣà abẹ́ orí bóòtù. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fún bóòtù méjèèjì díẹ̀díẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba, nítorí pé ara táàpù kò le tó bóòtù, ó sì lè tẹ̀.

Ìbéèrè: Alùpùpù tèmi kò ní kábúrétọ̀, pọ́ọ̀ǹpù inú táńkì ló ń ti epo. Ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti kọ́ mọ́ pọ́ọ̀ǹpù ń jò. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gé e, kí n fi rọ́bà epo lásán àti kílíìpù rọ́pò rẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà fún un. Lára alùpùpù oníkábúrétọ̀, wíwúwo epo nìkan ló ń tì í wálẹ̀, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀ǹpù yín ń tì í pẹ̀lú ipá tó tó nǹkan bíi bar 2.5 sí 3, èyí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po 50 ó kéré tán. Rọ́bà lásán yóò wú, yóò sì yọ kúrò lẹ́nu, yóò wá máa fọ́n epo sára ẹ́ńjìnì gbígbóná. Odindi rọ́bà náà pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ méjèèjì, irú èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù náà ń tà, ni kí ẹ rà.

Ipá yìí kì í lọ bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà iná pọ́ọ̀ǹpù, kí ẹ tan ẹ́ńjìnì títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi àkísà bo oríkèé náà kí ẹ tó tẹ ìdè rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnì díẹ̀ sí òrùka rọ́bà inú rẹ̀, kí ẹ tì í títí yóò fi ró “kọ́”, kí ẹ wá fà á wò. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì, kí pọ́ọ̀ǹpù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ sì yẹ ibẹ̀ wò dáadáa.

Ìbéèrè: Tí epo bá ń kán díẹ̀díẹ̀, ṣé mo lè gùn ún dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ tì í lọ, tàbí kí ẹ fi ọkọ̀ gbé e.

Ìbéèrè: Mo ti pààrọ̀ rọ́bà àti kílíìpù, ẹnu wọn sì gbẹ, ṣùgbọ́n epo tún ń jáde láti inú rọ́bà tín-ínrín kan tó rọ̀ sísàlẹ̀ lára kábúrétọ̀, tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ṣé kí n dí i?

Ìdáhùn: Ẹ má dí i. Ojú ọ̀nà tí epo àpọ̀jù ń gbà jáde nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tó ń ti ẹnu ọ̀nà epo nínú kábúrétọ̀ ni kò jókòó dáadáa, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìjánjá rọ́bà àtijọ́ tí ẹ yọ ló há sí ibẹ̀. Ẹ ti táàpù, ẹ tú súkúrù ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ kí epo inú rẹ̀ dà sínú ohun ìkóposí, ẹ dé e padà, kí ẹ sì fi igi ọwọ́ sukudiráfà rọra kan ìhà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó ṣí táàpù. Bí ó bá tún ń jáde, ó di dandan kí wọ́n tú kábúrétọ̀ fọ̀, kí wọ́n sì wo abẹ́rẹ́ náà bóyá ó ti jẹ. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì, ẹ yọ ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì jáde, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: bí ó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, tàbí tí ó ga ju ààmì òkè lọ, epo ti wọ inú ọ́ìlì, ẹ sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì náà.