Crook kọ́ ni olè: èsì fún àbúrò tó ń lọ Bendigo

Àbúrò, o ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Bendigo lo ti ríṣẹ́, o wá ń béèrè ìwé tó o lè fi mọ ẹnà àwọn àgbà ilẹ̀ Ọsirélíà. Gbọ́ ohun tójú mi rí ná.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débi iṣẹ́, ní aago méjì òru, baba kan tẹ agogo. Mo wọlé, ó ní, "I'm crook, love." Ẹ̀rín pa mí. Crook tí mo mọ̀ ní Mushin, gbájúẹ̀ ni. Mo ní, "Ah, Papa, you're a good man." Baba wò mí títí, ó kọjú sógiri. Mo tún kúbùsù rẹ̀ ṣe, mo paná, mo jáde. Kílẹ̀ tó mọ́, ara baba ti ń gbóná bí ààrò, áńbúláǹsì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àṣé ara òun ò yá ló ń sọ! Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì, ó bi mí bóyá mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mo sanwó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì! Jíjágbe tó jágbe mọ́ mi, "go crook" náà ni wọ́n ń pè é. Baba padà wálé, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí agogo bá dún lóru, àyà mi ṣì ń já.

Àwọn olùkọ́ wa ńkọ́? Bí a ṣe ń fọwọ́ ni wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ wa. Ta ló sọ fún wa pé dunny ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pé chook ni adìyẹ, pé tea lè jẹ́ oúnjẹ alẹ́?

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló tún burú jù. Akọ̀wé kan ní kí n gbàgbé ìwé tí mo wá gbà, "You've got Buckley's." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ọ̀gbẹ́ni Buckley láti kọ̀ńtà dé kọ̀ńtà! Kò sí ìrètí ló túmọ̀ sí. Àwọn kan ní orúkọ William Buckley ni, ẹlẹ́wọ̀n tó sá lọ ní Port Phillip lọ́dún 1803, tó bá àwọn Wathaurong, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, gbé fún ọdún 32. Àwọn mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù Buckley & Nunn ní Melbourne ló ti wá. Èyí ó wù kó jẹ́, kí ló ṣe akọ̀wé yẹn tí kò lè sọ pé rárá?

Ìwé? Èyíkéyìí tó o bá rí, rà á. Bí nọ́ọ̀sì bá ní òun ń "flat out like a lizard drinking", iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, yà fún un. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ síbi àríyá, tí wọ́n ní "bring a plate", oúnjẹ ni kó wà nínú abọ́ náà o. Òfìfo ni mo gbé lọ. Mo tiẹ̀ tún fọ̀ ọ́ kó mọ́ dáadáa.