Ẹ Bi Bàbá Awọnlẹ̀: Èlùbọ́ Kubwa àti Owó Ojú Sánmà

*Bàbá Awọnlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ àti epo pupa ni mo ń tà ní ọjà Kubwa ní Àbújá. Bí mo bá ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Lugbe, mo máa ń rí ọgbà ńlá kan lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n ní iṣẹ́ sátẹ́láìtì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọmọ mi tó wà ní JSS 2 ń jókòó sí kọ̀wé, nítorí àga ò kárí. Kí la wá ń wá lójú sánmà? Àwọn òyìnbó tó ń lọ sínú òṣùpá, wọ́n ti yó. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣé owó ìlú ló yẹ kí wọ́n máa fi ṣe irú nǹkan báyìí?*
Ìyá Bọ̀lá, Kubwa

Ìyá Bọ̀lá, ẹ kú ọjà, á tà o. N kò ní bá yín jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àga. Orí búlọ́ọ̀kù ni ọmọ-ọmọ tèmi náà jókòó sí fún odidi táàmù kan kí àwọn òbí tó dáwó ra bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n kí n bi yín ná: ọ̀nà wo ni èlùbọ́ àti epo yín ń gbà dé Kubwa? Mo gbà pé ojú ọ̀nà Lọ́kọ́jà ni. Ẹ fi ìdáhùn yẹn sápò, a óò nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní Minna lọ́dún 1984. Ìlú yẹn ni òpó kan wà tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní L40, ibẹ̀ sì ni ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà ti pilẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tí ẹ rà ní Ìbàdàn, láti Minna ni wọ́n ti kà á dé ọ̀dọ̀ yín. Bí a bá wọgbó, àwọn lébìrà á máa fi àdá lànà, àwa á máa wọ́ ṣéènì tí a fi ń wọn ilẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n nínú igbó tó dí, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ibi tí àríwá gan-an wà? Kọ́ńpáàsì máa ń ṣìnà níbi tí irin bá wà nínú àpáta. Oòrùn là ń wọ̀n, tàbí kí á dúró dòru, kí á fi tìódólàìtì, ẹ̀rọ olójú awò tí a fi ń wọn igun, wo ìràwọ̀ àríwá. Ìràwọ̀ yẹn kì í ròkè ní Minna o. Ó kàn máa ń yọjú díẹ̀ lókè orí igi ni. Bí ọyẹ́ bá ti mú, eruku á bò ó, ọ̀gá á máa bínú, àwa á máa sun iṣu jẹ ní ibùdó fún ọjọ́ mẹ́ta láìṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìmọ̀ ìràwọ̀ kò kan ẹni tó wà nílẹ̀, mo máa ń ní kó lọ mú ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wá.

Lónìí, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ á gbé GPS kalẹ̀, sátẹ́láìtì á sì sọ ibi tó dúró sí fún un kó tó mu omi inú ike rẹ̀ tán. Ẹ óò ní ti Amẹ́ríkà ni sátẹ́láìtì yẹn, ọ̀fẹ́ la sì ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó jẹ́ tiwa ńkọ́? NigeriaSat-1 la kọ́kọ́ ní. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 dọ́là, wọ́n sì gbé e lọ sókè láti Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ilẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n jọ para pọ̀ nítorí àjálù. Nígbà tí ìjì Katrina ba Amẹ́ríkà jẹ́ ní 2005, tiwa yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Inú mi dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní. Lẹ́yìn náà la ra NigComSat-1, ti tẹlifóònù àti tẹlifíṣọ̀n. Ṣáínà ni wọ́n ti gbé e lọ sókè ní 2007. Kò pé ọdún méjì tí iná tán nínú rẹ̀, ó kú. Ìnṣọ́ránsì ló gbà wá, tí wọ́n fi fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2011. Bí kò bá sí ìnṣọ́ránsì ni, lẹ́tà yín ì bá gbóná ju báyìí lọ, èmi náà ì bá sì bá yín fọwọ́ sí i.

Ẹ wá yọ ìdáhùn inú àpò yẹn síta. Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2022? Odò Ọya àti odò Bẹ́núé kún, omi gorí títì lẹ́bàá Lọ́kọ́jà, tírélà tò bí ìlẹ̀kẹ̀, epo bẹntiróòlù wọ́n ní Àbújá títí tí mo fi fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ju 600 ènìyàn lọ tí omi ọdún náà pa káàkiri orílẹ̀-èdè. Irú omi báyìí kì í já lu ènìyàn bí olè. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó ti òkè odò sọ̀ kalẹ̀, sátẹ́láìtì sì lè rí i bó ṣe ń fẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìkìlọ̀ lọ́dún náà, nínú ìwé, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló sọ fún dírẹ́bà yín? Ta ló sọ fún apẹja Nupe tó sùn sétí odò? Ibí yìí gan-an ni inú ti ń bí mi. Bí èmi ni mo di àpò mú, n kò ní dá owó sátẹ́láìtì dúró. Màá kọ́kọ́ yọ owó rédíò nínú rẹ̀, kí àwòrán ọ̀sẹ̀ yìí di ọ̀rọ̀ lédè Nupe, Igala, Haúsá àti Yorùbá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ má sì rò pé bí wọ́n bá ti ọgbà Lugbe pa lónìí, àga á dé kíláàsì ọmọ yín lọ́la. Ọ̀tọ̀ ni àpò àga, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń tú u.

Ìmọ̀ ìràwọ̀ lásán ńkọ́, èyí tí kì í wo odò? Kíkọ́ ọmọ níwèé rẹ̀ kì í jẹ owó rẹpẹtẹ. Kí wọ́n máa san án. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, òjìji ayé bo òṣùpá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri ní ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ló fà á, wọ́n lọ kọlu hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí. Nígbà tí ti oòrùn wá ń bọ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2006, ìjọba kéde rẹ̀ ṣáájú. Ní Minna, a tò síta bí ẹni ń retí eégún, ilẹ̀ ń ṣú láàárọ̀, ìyàwó mi ń pariwo pé kí n má wò ó lójú, àwọn adìẹ wa wọ àgò lọ. Kò sẹ́ni tó fọ́ ìgò kan.

Ti pé kí á rán ọmọ Nàìjíríà kan lọ sí òfuurufú, èyí tí mínísítà kan kéde ní 2016 pé á ṣeé ṣe tó bá fi máa di 2030, ẹ̀yin lẹ jàre níbẹ̀. Kó dúró ná.

*Bí sátẹ́láìtì wa bá ríran lóòótọ́, kí ló dé tí kò rí àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná?*
Télọ̀, Kàdúná

Àbúrò mi, ojú rẹ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú NigeriaSat-2 tí wọ́n gbé lọ ní 2011: àmì kan ṣoṣo nínú àwòrán rẹ̀ dúró fún mítà 2.5 lórí ilẹ̀. Mọ́tò á dà bí àmì méjì, ènìyàn kò tó ẹyọ kan. Kì í sì í dúró lójú kan. Ó ń sáré yí ayé po ni, ó kọjá lórí igbó yẹn, ó dìgbà mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ gba owó láti fi irú rẹ̀ mú ajínigbé, ẹ di àpò yín mú.

*Bàbá, ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ará Amẹ́ríkà fi Kánò ṣe iṣẹ́ òfuurufú rí. Ṣé kì í ṣe àlọ́?*
Akẹ́kọ̀ọ́, Kánò

Kì í ṣe àlọ́, ọmọ mi. Kí àwọn tó wà nílẹ̀ má bàa pàdánù ohùn John Glenn, ará Amẹ́ríkà tó lọ sí òfuurufú, bó ṣe ń yí ayé po, wọ́n kọ́ ibùdó sí ibi púpọ̀, Kánò sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ 20, oṣù kejì, ọdún 1962, ó ń kọjá lókè yín, ó ní òun ń rí ìjì eruku nísàlẹ̀. Àwọn ará ibùdó Kánò dá a lóhùn pé afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gan-an láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù kejì ní Kánò, kí ni ì bá tún rí? Irú ọyẹ́ tó ń bo ìràwọ̀ mọ́ mi lójú ní Minna, ọkùnrin yẹn wà lókè rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.